Ọjọ́ Tí Wáyà Mẹ́rin Já

Ètò wa lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ tún ti dé, ọ̀rọ̀ tòní sì kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lápò.

Ẹ ó rántí Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ń fi owó ránṣẹ́, owó ò lọ. Áàpù báǹkì ń yí, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn kan pa fóònù wọn, wọ́n tún un tàn. Àwọn mìíràn yọ síìmù, wọ́n fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n dá a padà. Àwọn tí inú ń bí pe ilé iṣẹ́ fóònù, wọ́n ń bú ọmọ ọlọ́mọ tó gbé ìpè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó ṣe síìmù ẹnì kankan. Nísàlẹ̀ òkun, níwájú ìlú Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, wáyà mẹ́rin ló já lọ́jọ́ kan náà. Orúkọ wọn ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ó kan Nàìjíríà, ó kan Gánà, ó kan Bẹ̀nẹ̀, ó kan Tógò, ó dé Làìbéríà.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé sátẹ́láìtì ojú ọ̀run ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sókè òkun. Sátẹ́láìtì ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tó ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí ilẹ̀ kejì, abẹ́ omi ló ń gbà. Inú wáyà náà ni fọ́nrán gíláàsì wà, tí ó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń tàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń ṣẹ́jú lọ́nà tó yára ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bó ṣe ń ṣẹ́jú ni ọ̀rọ̀, owó àti àwòrán yín ń lọ. Tí wáyà náà bá dé ibi tí omi ti jìn gan-an, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi wé e kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ.

Ilé iṣẹ́ MainOne sọ nígbà náà pé ibi tí tiwọn ti já jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3 sísàlẹ̀ omi, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja ló já a. Wọ́n ní ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. Wọ́n tún ní àtúnṣe gan-an lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àmọ́ kí ọkọ̀ tó kó wáyà tuntun, kí ó tó rìn débẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta mìíràn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àkọ́kọ́, láti orí ilẹ̀, wọn á tan ìmọ́lẹ̀ sínú wáyà. Ibi tó já yẹn á dá ìmọ́lẹ̀ padà, wọn á sì ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Àkókò yẹn ni wọ́n fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Ọkọ̀ á wá lọ síbẹ̀, á ju ìkọ́ irin sísàlẹ̀, á máa wọ́ ọ lórí ilẹ̀ òkun títí ìkọ́ yóò fi gbá wáyà mú. Wọn á fa ẹnu kan sókè, wọn á so ó mọ́ ohun tó ń léfòó, kí wọ́n tó lọ wá ẹnu kejì. Ẹnu méjèèjì ò ní lè kan ara wọn mọ́, nítorí náà wọn á fi wáyà tuntun sáàárín. Nínú yàrá kan lórí ọkọ̀, níbi tí eruku kankan ò gbọ́dọ̀ wọ̀, òṣìṣẹ́ á wá jókòó, á máa fi iná jó fọ́nrán gíláàsì pọ̀ mọ́ra wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí òkun tó ń mi ọkọ̀ lọ, tó ń mì í bọ̀. Ìyẹn fún wáyà kan o. Mẹ́rin ló já.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi wò ó. Ẹnì kan lè ní, ṣebí wọ́n kọ́ wa pé ká máa ní èkejì nípamọ́, kí ló wá dé tí ẹni tó ní mẹ́rin ṣì wọ òkùnkùn?

Ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 2009, SAT-3 nìkan ni gbẹ̀du wáyà tó so etíkun wa mọ́ ayé. Ó bàjẹ́ lóṣù yẹn, Nàìjíríà pàdánù nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ohun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀lú, Tógò àti Niger sì ní láti sá tọ sátẹ́láìtì lọ. Ẹ̀kọ́ ọdún yẹn yé gbogbo èèyàn. Glo-1 gúnlẹ̀ sí Èkó kí ọdún náà tó parí, MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, WACS àti ACE tẹ̀ lé e ní 2012. Nígbà tí Equiano ti Google fi dé sí Lomé àti Èkó ní 2022, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé a ò ní arọ́pò.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà mẹ́rin bá wọ ọjà, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gba orí afárá kan ṣoṣo kọjá, ọjọ́ tí àgbàrá bá gbé afárá yẹn lọ, ọ̀nà mélòó lẹ ní?

Afárá yẹn gan-an ló wà níwájú Abidjan. Àfonífojì kan wà nísàlẹ̀ òkun níbẹ̀, àwọn elédè Faransé ń pè é ní Trou sans Fond, ihò tí kò nísàlẹ̀. Wáyà tó bá ń tọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí àfi tó bá fà sẹ́yìn sínú agbami. Bí ilẹ̀ bá ya nínú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ àti iyanrìn á wọ́ tìrìgbọ̀n-tìrìgbọ̀n lọ sísàlẹ̀, ohun tó bá bá lọ́nà á fà á já. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023, ní àfonífojì ẹnu odò Kóńgò, WACS àti SAT-3 ti já pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2024, Glo-1 àti Equiano kò já, orí Equiano sì ni àwọn ilé iṣẹ́ sáré lọ ra àyè sí. Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe mí jù ni Làìbéríà, tó jẹ́ ACE nìkan ló ní lábẹ́ òkun nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò ní le. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà 99 nínú 100. Létí, ó dùn. Àmọ́ láàárín ọdún kan, ẹ̀rọ yẹn á kú fún ọjọ́ 3 àti wákàtí 15 ó lé. Báǹkì wo ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ẹ wá ra irú rẹ̀ kejì, kó jẹ́ pé ọ̀kan péré nínú wọn tó iṣẹ́ náà ṣe. Kí méjèèjì tó lè kú pọ̀, ó di ìgbà 1 nínú 10,000. Láti ọjọ́ mẹ́ta ó lé, ó já sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 53 lọ́dún. Ẹ fi ẹ̀kẹta kún un, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 32 lọ. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ o. Kálukú wọn ṣì ń kú bó ṣe ń kú. Pípọ̀ wọn ló ṣe é. Ohun tó fà á nìyí tí àwọn ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá fi ń ra ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tí wọ́n á rà á lọ́pọ̀, dípò kí wọ́n máa wá ọ̀kan tí kò ní bàjẹ́ láéláé. Irú ìyẹn ò sí lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ní májẹ̀mú kan nínú, àwọn olùtajà kì í sì í pariwo rẹ̀: ohun tó bá pa ẹ̀rọ kìíní kò gbọ́dọ̀ lè pa èkejì. Bí ohun kan náà bá lè pa àwọn méjèèjì, ẹ pa ìwé ìṣirò yẹn dé. Owó méjì lẹ san, ẹ̀rọ kan lẹ rà.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ lórí èyí ṣẹlẹ̀ ní Kourou, ní Guyane ti Faransé, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996. Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ rán Ariane 5, rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wọn, lọ sójú òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń sọ fún rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ibi tó kọjú sí àti bó ṣe ń yára tó. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń ṣe adelé, ó wà ní sẹpẹ́. Ètò kan náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ sínú àwọn méjèèjì, látara Ariane 4 ni wọ́n sì ti kó o wá. Ariane 5 yára ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbéra, iye kan tó ń sọ nípa eré rẹ̀ tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú kọ̀ǹpútà lọ. Àyè náà ò lè gbà ju 32,767 lọ. Adelé ló kọ́kọ́ kú. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà kìíní kú pẹ̀lú, àìsàn kan náà ló pa wọ́n. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó kúrò nílẹ̀ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi yà kúrò lọ́nà, tó sì bú gbàmù pẹ̀lú sátẹ́láìtì mẹ́rin tó gbé. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀, a dúpẹ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú Space Shuttle ti ro irú èyí ṣáájú. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Mẹ́rin ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọ́n sì ń wo ìdáhùn ara wọn; bí ọ̀kan bá sọ ọ̀tọ̀, àwọn tó kù á dìbò, wọ́n á tì í síta. Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn láti ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ní kó kọ ètò tirẹ̀, kí àṣìṣe tó bá fara pamọ́ sínú ti àwọn mẹ́rin má baà sí nínú tirẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ọkọ̀ náà fi ń fò, kò sígbà kan tí wọ́n ní láti fi ọkọ̀ lé ìkarùn-ún lọ́wọ́ lókè. Ẹni tó ń ṣọ́ owó á ní ìnákúnàá ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà tó wà nílé iṣẹ́ yín náà, irú nǹkan báyìí wà, ẹ ò kàn rí i ni. Ẹ jẹ́ ká ní dísìkì mẹ́ta wà. Ẹ kọ 5 sórí ìkíní, ẹ kọ 7 sórí èkejì, ẹ wá kọ àpapọ̀ wọn, 12, sórí ẹ̀kẹta. Bí dísìkì tó ní 7 bá jóná lálẹ́ òní, ẹ yọ 5 kúrò nínú 12, ohun yín ti padà bọ̀ sípò. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ní tòótọ́ díjú ju báyìí lọ, àmọ́ ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn: ẹ ò nílò odindi ẹ̀dà gbogbo nǹkan.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín pé ẹ ti ní ẹ̀dà nípamọ́. Bí dísìkì méjì bá ń kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí akọ̀wé yín sì ṣèèṣì pa fáìlì owó oṣù rẹ́, orí méjèèjì ló ti parẹ́. Arọ́pò ẹ̀rọ ń gba yín lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó kú. Ẹ̀dà tó wà níbòmíì, tó wà láti àná, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyẹn ló ń gba yín lọ́wọ́ èèyàn, lọ́wọ́ olè, lọ́wọ́ iná.

Iná yẹn ni mo fẹ́ fà yọ. Ní Daejeon, ní Gúúsù Kòríà, ìjọba ní ilé kan tí kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́yọ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi tó ti ṣẹ́yọ: nínú àwọn bátìrì tí wọ́n kó síbẹ̀ kí iná má baà kú lórí kọ̀ǹpútà! Nígbà tí wọ́n ń tú wọn láti kó wọn lọ síbòmíì ló ṣẹlẹ̀. Ètò ìjọba 709 ló dúró. Àwọn kan padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí lórí kọ̀ǹpútà jóná ráúráú, 858 terabyte, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níta ilé náà, torí wọ́n ní ó ti tóbi jù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kòríà o, orílẹ̀-èdè tó ń ta fóònù fún gbogbo ayé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín jìnnà, jìnnà réré, torí mi ò mọ ìtàn kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí tó dùn mọ́ mi tó ti Voyager 2. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà rán an lọ sójú òfuurufú, èèyàn ò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ agbóhùn méjì ni wọ́n fi sínú rẹ̀ láti máa gbọ́ àṣẹ láti ilé, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún sípíà. Wọ́n sì fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé: bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí o ò gbọ́ ohùn wa, á jẹ́ pé etí rẹ kìíní ti di, bọ́ sórí èkejì.

Lóṣù Kẹrin ọdún 1978, ọwọ́ àwọn ẹnjiníà dí, wọ́n gbàgbé láti bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ó bọ́ sórí etí kejì. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Etí kejì ti ní àbùkù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, ó padà sórí ìkíní. Inú wọn dùn. Kò pẹ́ rárá tí ìkíní náà fi jóná, kò sì jí mọ́ títí dòní.

Ẹ wo ìṣòro tó wà nílẹ̀. Ayé tí a wà lórí rẹ̀ ń yí, ọkọ̀ náà ń lọ, nítorí náà ohùn tó ń dé bá a kì í dúró sójú kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ohùn ọkọ̀ tó ń fọn fèrè kọjá lójú títì. Etí tó dára máa ń tọpa ohùn yẹn. Etí kejì Voyager ò lè tọpa mọ́, ibi tóóró kan ló ti ń gbọ́ràn, ibi tóóró yẹn náà sì ń yẹ̀ bí ara ọkọ̀ bá gbóná tàbí tutù díẹ̀. Àwọn ẹnjiníà wá gba iṣẹ́ etí ṣe. Kí wọ́n tó fi àṣẹ ránṣẹ́, wọn á ṣírò bí ayé ṣe ń yí, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó, wọn á wá máa yí ohùn tiwọn láti ilé, kó lè jẹ́ pé tó bá fi máa dé ọ̀hún, á bọ́ sójú ibi tóóró náà gẹ́lẹ́.

Pẹ̀lú sípíà tó lábùkù yẹn ló dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní 1979, ó dé Sátọ̀n ní 1981, Uranus ní 1986, Neptune ní 1989. Kò tíì sí ọkọ̀ mìíràn tó bẹ Uranus àti Neptune wò. Àwọn tó ń darí rẹ̀ kò sì sùn: wọ́n kó àṣẹ pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà pé bí etí tó kù yìí bá tún di, kó ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ tó lè dá ṣe, kó fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, etí kan náà ló fi ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ẹ ti ń ṣe nínú èyí tẹ́lẹ̀, bóyá ẹ ò mọ̀. Ẹni tó ní síìmù méjì nínú fóònù ń ṣe é. Ìyá oníPOS tó gbé ẹ̀rọ báǹkì méjì sórí tábìlì ń ṣe é. Bí ọ̀kan bá ní «declined», á na ọwọ́ sí èkejì kí oníbàárà tó bínú lọ. Ẹ kàn bi ara yín léèrè afárá. Ilé iṣẹ́ fóònù méjì máa ń pín máàsì kan lò. Bí dísù bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ máàsì yẹn, síìmù méjèèjì á kú pọ̀. Ẹ wá ilé iṣẹ́ tí máàsì tirẹ̀ yàtọ̀ ládùúgbò yín. Ẹni tó da fáìlì rẹ̀ kọ sórí fúláàṣì, tó sì ju fúláàṣì náà sínú àpò kọ̀ǹpútà, olè kan ṣoṣo ló máa gbé méjèèjì. Ẹ gbé fúláàṣì sílé ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ sì máa dán an wò lọ́jọ́ tí nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹ pa síìmù tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi èkejì fi ọgọ́rùn-ún náírà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ṣì wà láàyè. Ẹ ṣí fúláàṣì yẹn, ẹ ka ìwé kan nínú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bátìrì ínfátà ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí: ìdí tí àwọn kan fi ń wú, àti ibi tí kò yẹ kẹ́ ẹ gbé e sí nínú ilé. Ẹ bá wa pàdé lákòókò kan náà.